Bí Àjọ Aláàánú Kékeré Ṣe Lè Rí Owó fún Iṣẹ́ Rẹ̀, Kí Owó Náà sì Má Dáwọ́ Dúró

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dá owó ìrànwọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ń ná sí òkè òkun dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tí oṣù keje fi wọlé, USAID, àjọ ìrànwọ́ òkè òkun ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ti ń náwó lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti kógbá sílé. Ní oṣù kejì ọdún kan náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé kí ó tó di ọdún 2027, òun yóò ti dín owó ìrànwọ́ òkè òkun òun kù láti ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà sí ìdá 0.3. Àjọ tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni owó rẹ̀ ti ń wá kò rí àyè múra sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gba ìwé ìdádúró, àwọn aláìsàn tó ń gba oògùn ọ̀fẹ́ sì ń béèrè ibi tí wọn yóò gbà.

Àwọn tó ń darí àjọ aláàánú kéékèèké ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: àwọn tó ń kọ́ ọmọ níwèé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó ń dúró ti opó, àwọn tó ń gbẹ́ kànga, àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún ará ọjà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé a kì í ti ọ̀dọ̀ àjèjì bẹ̀rẹ̀ owó wíwá. Ẹni tí yóò fi owó lé yín lọ́wọ́ láti Àbújá, láti Accra tàbí láti New York yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó mọ̀ yín nílé gbà yín gbọ́ débi pé wọ́n ń ti owó ara wọn bọ iṣẹ́ yín, yóò sì wò ó bóyá ìwé yín lè fi hàn bí ẹ ṣe ná owó náà. Àjọ tó bá ti rí ìdáhùn sí méjèèjì yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Kò sí afúnnilówó gidi tí yóò fi owó àjọ ránṣẹ́ sí àkáùǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ní Nàìjíríà, òfin CAMA ti ọdún 2020, tó ń darí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló la ọ̀nà tí ẹgbẹ́ aláàánú ń gbà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ó yan orúkọ, ẹ ó kọ òfin tí yóò máa darí ẹgbẹ́, ẹ ó yan ìgbìmọ̀ alábòójútó, ẹ ó sì polongo ìforúkọsílẹ̀ náà nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó lọ gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń dènà lílo àjọ fún kíkó owó èrú kiri, nítorí báńkì yóò béèrè rẹ̀ kí ó tó ṣí àkáùǹtì fún yín. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ SCUML. Bí ẹnìkan bá gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín ṣe é, owó iṣẹ́ ara rẹ̀ ló gbà, kì í ṣe ti ìjọba.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àjọ máa ń gbàgbé ni ìjábọ̀ ọdọọdún. Òfin náà sọ pé láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ni kí àjọ fi ìjábọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí CAC. Àjọ tó bá pa á tì, ìkànnì CAC yóò fi hàn fún gbogbo ayé pé kò ṣe ojúṣe rẹ̀, ibẹ̀ sì ni afúnnilówó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wò. Mo rò pé kò sí ìdí kankan tí àjọ fi yẹ kó pàdánù owó ńlá nítorí ìwé kékeré báyìí. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì fi lé ẹnì kan lọ́wọ́.

Wọ́n tún máa ń wo ìgbìmọ̀. Tó bá jẹ́ pé bàbá, ìyá àti ọmọ wọn ló jókòó gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, àjèjì yóò rò pé owó ilé kan ni wọ́n ní kí òun wá fi kún. Ẹ wá ẹni tó mọ ìwé owó, ẹ wá ẹni tó mọ òfin, ẹ sì rí i pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti inú àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ wá. Kí ìgbìmọ̀ máa pàdé, kí ẹ máa kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ ènìyàn méjì ni yóò máa fọwọ́ sí owó kí ó tó jáde ní báńkì. Ìlànà kúkúrú lórí bí ẹ ṣe ń rajà, lórí bí ẹ ṣe ń dáàbò bo ọmọdé, àti lórí ohun tí ẹ ó ṣe bí òṣìṣẹ́ bá kówó jẹ, kò ju ojú ìwé méjì méjì lọ, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè fún gbogbo rẹ̀.

Owó ilé ni ìpìlẹ̀

Àwọn ìlú wa kò dúró de òkè òkun kí wọ́n tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà, Offa Descendants' Union, ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1943. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìpàdé ìlú tó wáyé ní ọdún 1998, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje kó ipa ńlá nínú rẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adetona, ló bí ìgbìmọ̀ tó gbógun ti òṣì ní ìlú náà, owó àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú nílé àti lẹ́yìn odi sì wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó dáwó mọ àwọn tó ń ná an, wọ́n sì lè rìn dé ibi iṣẹ́ láti fojú ara wọn rí i. Àǹfààní tí àjọ yín ní lórí àjọ ńlá láti òkè òkun nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni olùdáwó oṣooṣù. Ọgbọ̀n ènìyàn tó ń dá ₦5,000 lóṣooṣù yóò mú ₦150,000 wá lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 lọ́dún. Kò sí àdéhùn kankan lọ́rùn owó yìí: ẹ lè fi san owó ilé, ẹ lè fi ra epo jẹnẹrétọ̀, ẹ sì lè fi di àlàfo oṣù mẹ́ta tí owó ìrànwọ́ bá fi pẹ́. Àwọn tó ti dá àjọ owó tàbí èésú rí mọ ohun tó ń mú un dúró: ọjọ́ kan náà lóṣù, iye kan náà, àti ẹnì kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí kò ní gbàgbé. Ẹ fi ọjọ́ ìdáwó sí kété lẹ́yìn ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lè ní kí báńkì òun máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo káàdì lè gba ojú ọ̀nà ìsanwó Paystack tàbí Flutterwave.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn lórí WhatsApp. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó mọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni náà sì bá a sọ̀rọ̀. Ká ní àjọ kan ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ìyá lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ sí ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́, a dúpẹ́ oore àná. Lóṣù tó kọjá, a yẹ àwọn ìyá 58 wò lọ́jà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn 19 ga, 11 nínú wọn sì ti dé ilé ìwòsàn. Ó ku àwọn mẹ́jọ. ₦5,000 ló ń gbé ẹnì kan lọ síbẹ̀, tó tún ń san owó káàdì rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ lè bá wa gbé ẹnì kan lóṣooṣù, láti oṣù tó ń bọ̀ títí di oṣù kejìlá?"

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Iye àwọn tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wà, iye tí ẹnì kan yóò ná wà, ìgbà tí yóò parí wà, ìbéèrè tó parí ọ̀rọ̀ náà sì ṣeé dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ibi tí a ti ní kí ẹ̀gbọ́n "ran wa lọ́wọ́ bí Ọlọ́run bá ṣe fi sí wọn lọ́kàn". Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni gbólóhùn yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ṣe oore mọ iye tí yóò mú wá.

Ní ti ìfilọ́lẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó se oúnjẹ, a ó pe olórin, a ó fi àwọn èèyàn ńlá sórí tábìlì iwájú, wọn yóò sì kéde iye tó ga lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí oṣù bá fi parí, èyí tó wọ àkáùǹtì lè má tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí wọ́n fẹnu sọ. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ wá ẹni tí yóò san owó gbọ̀ngàn àti oúnjẹ ṣáájú, kí owó tó bá wọlé lè jẹ́ ti iṣẹ́. Ẹ kọ ìlérí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù, ẹ pe olúkúlùkù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì ná owó ìlérí kankan kí ó tó wọlé.

Àwọn mùsùlùmí máa ń yọ sàká, wọ́n sì máa ń ṣe sàráà. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì. Ọ̀nà mẹ́jọ ni Kùránì fi àṣẹ sí pé a lè gbà ná sàká, tálákà àti aláìní sì ni ó kọ́kọ́ dárúkọ. Nítorí náà, ẹ má béèrè sàká fún kíkun ọ́fíìsì ní ọ̀dà. Ẹ lè béèrè sàráà fún un. Ìjọ Kírísítẹ́nì náà sábà máa ń ní àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún opó àti aláìní. Ní ibi méjèèjì, ẹ kọ ìwé kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn pé gbogbo ẹlẹ́sìn ni ẹ ń sìn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fẹ́ fúnni, òfin ibẹ̀ sì lè sọ owó wọn di púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò Gift Aid ń jẹ́ kí àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gba pẹ́nì 25 lọ́wọ́ ìjọba lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi ta á lọ́rẹ. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fún àjọ tó ní ipò 501(c)(3), ìyẹn ipò àjọ aláàánú nínú òfin owó orí ibẹ̀, lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé. Àjọ tí Nàìjíríà nìkan mọ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ wá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ti forúkọ sílẹ̀ ní London tàbí ní Houston láti máa gba owó náà fún yín lábẹ́ àdéhùn tó wà ní kíkọ, tàbí kí ẹ gba ọ̀dọ̀ GlobalGiving tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àjọ káàkiri ayé. GoFundMe, ìkànnì tí ènìyàn ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé, kì í san owó sí báńkì Nàìjíríà tààrà. Bí ọmọ yín bá ṣí i lókè òkun, orúkọ rẹ̀ ni owó náà yóò wà, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín kí ó tó ṣí i.

Ta ni ẹ ó kọ̀wé sí?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkọ̀wé sí gbogbo ẹni tó bá kéde owó. Ẹ ka àwọn tó lè béèrè kí ẹ tó ka iye owó. Bí àpẹẹrẹ, àwọn tó ń dá okòwò sílẹ̀ ni Tony Elumelu Foundation ń fún ní $5,000. Àjọ aláàánú tó lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìwé síbẹ̀ ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ìjọba Japan, láti ọ̀dọ̀ aṣojú rẹ̀ ní Àbújá, ní owó fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìgbèríko: wọ́n máa ń kọ́ yàrá ìkàwé, wọ́n máa ń gbẹ́ kànga, wọ́n máa ń ra ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́. Kánádà ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Canada Fund for Local Initiatives. Ní ilẹ̀ wa níbí, TY Danjuma Foundation, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ń fún àwọn àjọ lówó fún ìlera àti ẹ̀kọ́, ACT Foundation ní Èkó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, MTN Foundation sì ti wà láti ọdún 2004. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin gbọ́dọ̀ mọ African Women's Development Fund ní Accra, tí Bisi Adeleye-Fayemi wà lára àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀.

Ẹ ní ìwé kan, tàbí tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń kọ orúkọ afúnnilówó kọ̀ọ̀kan sí: ohun tí wọ́n ń sanwó fún, iye tí wọ́n sábà máa ń fúnni, oṣù tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, àti àwọn tí wọ́n ti fún rí. Apá ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì jù lójú mi. Tí wọ́n bá ti fún àjọ kan ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, ẹ pe àjọ náà. Wọn yóò sọ fún yín bóyá owó náà máa ń pẹ́, irú ìjábọ̀ tí wọ́n ń béèrè, àti ìbéèrè tó le jù nínú fọ́ọ̀mù. Nigeria Network of NGOs, tó ti wà láti ọdún 1992, jẹ́ ibi tí ẹ ti lè bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ pàdé. Bí owó náà bá tóbi ju yín lọ, ẹ bá àjọ ńlá kan sọ̀rọ̀ kí ẹ lè di alábàáṣiṣẹ́ tí yóò ṣe apá tirẹ̀ lábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àjọ kékeré ti kọ́ ìwé owó ṣíṣe lọ́nà yìí kí wọ́n tó dá dúró.

Àwọn gbájú-ẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní owó ìrànwọ́ ti dúró, ṣùgbọ́n kí ẹ san "owó ìwé" tàbí "owó bíbójútó" kí ó tó jáde, olè ni. Nọ́ńbà UEI tí ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè lọ́wọ́ àjọ tó fẹ́ owó rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì SAM.gov, síbẹ̀ àwọn kan ń tà á.

Kíkọ ìwé ìbéèrè owó

Ẹni tí yóò ka ìwé yín ti ka ogún mìíràn lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń wá ni kí ó rí ìlú kan, àwọn ènìyàn kan, ìṣòro kan tó ní ààlà, àti ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà tí a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ yóò kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ìṣòro ńlá ní Áfíríkà, ó sì ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìjọba kò ṣe ohun tó yẹ. Àjọ wa fẹ́ ran àwọn aráàlú lọ́wọ́."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ èyíkéyìí ló lè kọ ọ́. Ẹ fi wé èyí:

"Àwọn ìyá tó ń ta ata, ẹja àti ẹ̀fọ́ ní ọjà tí a ń sìn máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kì í sì í kúrò nídìí àtẹ kí oòrùn tó wọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ wọn ń ti ilẹ̀kùn. Nínú àwọn 58 tí nọ́ọ̀sì wa yẹ̀ wò lóṣù tó kọjá, 41 sọ pé ẹnikẹ́ni kò wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn rí. A fẹ́ gbé àyẹ̀wò wá bá wọn nídìí àtẹ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ilé ìwòsàn náà sì ti gbà ní kíkọ láti máa dá ẹni tí a bá rán wá lóhùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé."

Kò sí àdììtú nínú ìyàtọ̀ méjèèjì. Èkejì wá láti inú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ sí lọ́jà. Àjọ tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè kọ irú ìpínrọ̀ yìí, bó ti wù kí òǹkọ̀wé rẹ̀ mọ̀wé tó. Ẹ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá ní àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ, kí ẹ tó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì fún fọ́ọ̀mù. Ẹ má ṣe ẹ̀dà ìwé àjọ mìíràn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń dá a mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí a ṣe àti àyípadà tí ó mú wá. "A yẹ 600 ènìyàn wò" jẹ́ iṣẹ́. "Nínú gbogbo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga, ìdajì dé ilé ìwòsàn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì ṣì ń lo oògùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta" jẹ́ àyípadà. Afúnnilówó fẹ́ rí méjèèjì, ó sì fẹ́ mọ bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n: ta ni yóò pe àwọn ìyá náà, inú ìwé wo ni yóò kọ ìdáhùn wọn sí. Ẹ má ṣèlérí ohun tí agbára yín kò ká. Ẹni tó ṣèlérí ìdajì, tó sì dé ibẹ̀, yóò rí owó ẹlẹ́ẹ̀kejì gbà ju ẹni tó ṣèlérí gbogbo rẹ̀ lọ.

Wọn yóò béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó bá tán. "A ó máa wá owó mìíràn" kì í ṣe ìdáhùn. Ìdáhùn gidi ni pé ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìyálọ́jà, pé ẹ ti kọ́ méjì nínú wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, àti pé àwọn olùdáwó oṣooṣù yín ni yóò máa san owó nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Níbí ni owó ilé ti ń sọ̀rọ̀ fún yín lójú àjèjì.

Ètò ìṣúná

Kí iye kọ̀ọ̀kan ní ìdí. Ká ní ọjà náà yóò gba ọjọ́ méjì lóṣù fún ọdún kan, ìyẹn ọjọ́ 24. Nọ́ọ̀sì méjì, ₦15,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, jẹ́ ₦720,000. Owó ọkọ̀ fún ènìyàn mẹ́ta, ₦4,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, jẹ́ ₦288,000. Ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ní ₦50,000 jẹ́ ₦150,000. Ìwé àkọsílẹ̀ àti káàdì jẹ́ ₦120,000, owó ìpè láti tọpa àwọn aláìsàn sì jẹ́ ₦5,000 lóṣù, ìyẹn ₦60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,338,000. Ẹni tó bá ka èyí lè bi yín pé kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi jẹ́ méjì, ẹ ó sì ní ìdáhùn. Ẹni tó kọ "ìnáwó àyẹ̀wò: ₦1,500,000" kò ní ìdáhùn kankan.

Ẹ má tijú láti kọ owó ọ́fíìsì. Iná, ilé, akọ̀wé owó àti àyẹ̀wò ìwé lọ́dọọdún kì í ṣe ìnákúnàá. Àwọn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé àjọ tí kò bá wọn ní àdéhùn pàtó lórí owó ọ́fíìsì lè kọ tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ fún èyí. Ìdá 7 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sábà máa ń gbà. Tí a bá fi ìdá 15 kún ti ọjà wa, yóò jẹ́ ₦200,700, àpapọ̀ yóò sì di ₦1,538,700. Ẹ tún kọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá: àtẹ tí ìyálọ́jà yọ̀ǹda, ọjọ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn lò, owó àwọn olùdáwó oṣooṣù.

Náírà náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ yọwọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n ń dá lé náírà, dọ́là kan tí kò tó ₦480 ní báńkì kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Owó oògùn àti ẹ̀rọ gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá ń gba owó ilẹ̀ òkèèrè, ẹ ṣí àkáùǹtì dọ́là, ẹ kọ iye tí ẹ fi ṣírò sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè ohun tí àdéhùn sọ bí ó bá yí padà kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn tí owó bá dé

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Kí ìwé ọpẹ́ jáde láàárín ọjọ́ méjì, fún ẹni tó dá ₦2,000 àti fún ẹni tó fi mílíọ̀nù ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya owó iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ nínú ìwé, kódà bó bá wà nínú àkáùǹtì kan náà pẹ̀lú òmíràn.

Rìsíìtì ni wàhálà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jà àti ní ìgbèríko, nítorí ọlọ́kadà kì í fúnni ní rìsíìtì, ìyá tó ta omi fún yín kì í sì í kọ ọ́. Ẹ tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó tiyín tó ní nọ́ńbà: ọjọ́, orúkọ ẹni tó gba owó, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tí a san án fún, iye ní ọ̀rọ̀ àti ní fígọ̀, ìfọwọ́sí tàbí ìka tó fi tẹ̀ ẹ́, àti orúkọ òṣìṣẹ́ tó sanwó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rìsíìtì ní ọjọ́ tí ẹ gbà á, nítorí èyí tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde máa ń ṣá títí yóò fi di ìwé funfun kí olùyẹ̀wéwò tó dé.

Orúkọ àti àìsàn àwọn tí ẹ ń tọ́jú kì í ṣe ohun ìpolongo. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára ohun tó dáàbò bò jù. Ẹ gba àṣẹ ìyá náà kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé ibi tí yóò ti jáde fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bí òun kò bá gbà, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní dínkù.

Tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ tètè sọ ọ́. Ọjà lè jóná, nọ́ọ̀sì lè lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn lè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ìpè kan àti ímeèlì kan lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ yóò dáàbò bò yín. Ìjábọ̀ tó fi í pamọ́ títí dé òpin ọdún yóò ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ ẹni náà àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá sọ pé rárá, ẹ kọ̀wé dúpẹ́, kí ẹ béèrè ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ẹnì kan tó bá dáhùn dára ju ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì ti fún yín, tí ó ku oṣù méjì kí àdéhùn parí, ẹ ka iye tó ṣẹ́kù. Tí iṣẹ́ bá ti pẹ́ sẹ́yìn, ẹ béèrè ní kíkọ fún àfikún àkókò láìgba owó míì, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ẹ̀rọ tí ẹ rà yóò jẹ́ tirẹ̀. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ ìparí tó kọjá, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ náà, owó tí ẹ bá ná láìgba àṣẹ, wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà.